Fáírọ́ọ̀sì RSV lára ọmọ ọwọ́

RSV jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí ń bá ọ̀nà èémí jà, ó sì wọ́pọ̀ débi pé agbára káká ni ọmọ fi lè pé ọdún 2 láìtíì kó o rí. Lára ìnàkí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, kò sì pẹ́ tí Robert Chanock, onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí i lára àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore níbẹ̀.

Lára àgbàlagbà, ọ̀fìnkìn lásán ni ó sábà máa ń jọ. Ohun tí ó mú un le fún ọmọ ọwọ́ ni pé àwọn ẹ̀ka ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tínrín púpọ̀: bí ibẹ̀ bá ti wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì dí i, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà. Ikun á kọ́kọ́ máa ṣàn nímú, ikọ́ á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ lè máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí abẹ́ ìhà rẹ̀ máa wọnú bí ó bá ti ń mí, kí ó sì máa já ọmú sílẹ̀ léraléra nítorí pé kò lè mí kí ó tún máa mu ọmú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 tí ó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ oṣù 2 sí 11 tí ó ń mí tó ìgbà 50, ti di ẹni à ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tí oṣù wọn kò pé kí a tó bí wọn ni ewu náà pọ̀ fún jù.

Oògùn apakòkòrò bakitéríà, tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré rà ní kẹ́míìsì, kò ran fáírọ́ọ̀sì yìí. Fífa ikun kúrò nímú ọmọ, fífún un lọ́mú díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn bí èémí kò bá tó, ni ìtọ́jú rẹ̀.

Nípa ikọ́, sísín àti ọwọ́ ni ó ń gbà ràn, ó sì lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí tábìlì tàbí ohun ìṣeré. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbi ìkómọjáde, tí ọmọ ọjọ́ 8 ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí a tó gbé e kì í ṣe àrífín sí àlejò.

Àjẹsára tí wọ́n dán wò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969 já sí òfo: ṣe ni àìsàn náà tún le sí i lára àwọn ọmọ tí ó gbà á, méjì sì kú. Ọdún 2023 ni Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó fọwọ́ sí èyí tí aláboyún ń gbà, kí ààbò lè ti ara ìyá dé ara ọmọ kí a tó bí i. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni Bìrìtìkó ti ń fún àwọn aláboyún tí oyún wọn ti pé ọ̀sẹ̀ 28 ní àjẹsára yìí.