Ahọ́n Ni, Kì í Ṣe Ìrèké

Àwọn kan máa ń túmọ̀ pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dè mọ́ ẹnu fèrè kílárínẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn olórin ń pè ní ríìdì, sí “ìrèké”, bí ẹni pé a fẹ́ jẹ ẹ́. Àwọn tó mọ̀wé jù wọ́n lọ mú “ifèéfèé” jáde látinú Bíbélì. Òun sún mọ́ ọn, nítorí koríko gíga oníhò kan, tó gbajúmọ̀ ní agbègbè Var ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ; ṣùgbọ́n orúkọ igi kì í ṣe orúkọ àga, bí a bá sì gbà á bẹ́ẹ̀, kí ni a ó pe èyí tí wọ́n fi ike ṣe? Ahọ́n ni mo pè é, nítorí gbígbọ̀n rẹ̀ lẹ́nu fèrè ló ń sọ èémí di ohùn. Wọ́n ní yóò dàrú mọ́ ahọ́n ẹni tó ń fun fèrè. A ń sọ pé ẹsẹ̀ àga, kò sì tíì sí ẹni tó ra bàtà fún àga.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni “ahọ́n ayédèrú” tí wọ́n fi ń pe ti ike. Ta ni ó tàn jẹ? “Àtọwọ́dá” náà kò là á yéni, torí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ṣe méjèèjì. Ahọ́n ifèéfèé àti ahọ́n ike ti tó.

Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti awọ dùndún àti awọ oníke ojú ìlù òyìnbó: bí òjò bá rọ̀, awọ ewúrẹ́ a dẹ̀, onílù a sì gbé e yá oòrùn, ṣùgbọ́n ti ike kò mọ̀ pé òjò rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n ifèéfèé ṣe ń fẹ́ kí a fi itọ́ tàbí omi rin ín kí a tó fun ún, tí ọyẹ́ sì máa ń mú kí ó wọ́, tó fi yẹ kí a ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a ń lò ní àlòyípo. Ti ike, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Légère ń ṣe ní Kánádà, a máa dún bí a bá ti yọ ọ́ nínú àpò; ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odindi páálí ahọ́n ifèéfèé mẹ́wàá. Nọ́ńbà ló ń sọ bí ahọ́n ṣe le tó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 3 ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe 3 èkejì, nítorí náà, kí ẹni tó ń pààrọ̀ fun ún wò kó tó sanwó. Ní tèmi, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi ifèéfèé 2 tàbí 2½ kọ́ṣẹ́, kí ó sì fi ti ike kan sápò de ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó wá fun fèrè níta gbangba lákòókò ọyẹ́.