Póíǹtì òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe owó ìfipamọ́

Ọ̀rọ̀ póíǹtì òtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ sórúkọ ẹni tó bá sùn lọ́dọ̀ wọn, tó lè fi gba yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ míì, ti sú mi, ṣùgbọ́n kò tíì sú àwọn tó ń sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò bá ti délẹ̀ báyìí, ẹnì kan á ní, "Èmi ò tíì fọwọ́ kan póíǹtì mi o, mo ṣì ń tọ́jú ẹ̀ ni." Ẹlòmíràn á ní ìparí ọdún lòun fẹ́ fi tòun ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní London ní de ìgbéyàwó ọmọ òun lòun ń kó tòun jọ, pé òun lòun máa fi gba yàrá sílẹ̀ fún gbogbo ẹbí tó bá wá sí Èkó láti òkè òkun. Ọmọ ọ̀hún ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju káàdì póíǹtì rẹ̀ nù o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ètò póíǹtì lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì bíi Hilton, Marriott, IHG, Accor àti Radisson. Ẹni tó kúkú máa sùn níbẹ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀, òun ló fi tirẹ̀ ṣòfò. Èyí tí mò ń bá jà ni ìgbàgbọ́ pé póíǹtì dà bí owó tó wà ní báńkì, pé bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń níye lórí sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní ipò kankan (Silver, Gold àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ń dá oníbàárà wọn lọ́lá) lọ́dọ̀ Hilton ń gba póíǹtì 10 lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá san fún yàrá, nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn. Ká ní yàrá jẹ́ $200 lálẹ́ kan, póíǹtì 2,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ní póíǹtì 50,000 ni wọ́n ń gbà fún yàrá kan náà, ẹ ní láti kọ́kọ́ ná $5,000, ìyẹn oorun alẹ́ 25, kí ẹ tó sun ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Owó orí kò sí nínú ìṣirò yẹn: póíǹtì kì í wọlé lórí VAT, kì í sì í wọlé lórí ìdá 5 nínú 100 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ti dé ipò Gold ń rí àfikún ìdá 80 nínú 100, nítorí náà bíi $2,800 ni tirẹ̀. Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀fẹ́ là ń pe ìyẹn?

Ènì ni. Ẹni tó ra gàrí mọ̀ pé ọwọ́ ìyá tó ń ta gàrí ni ènì wà, òun ló mọ bí ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ ṣe máa tó. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó bá òun kọ ènì sílẹ̀ di ọdún mẹ́ta, kí òun lè wá kó o lápapọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá ń ṣe ìnáwó.

Bí mo bá sọ báyìí tán, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Póíǹtì mi ṣáà wà níbẹ̀, iye rẹ̀ ò dín." Òótọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá ní 200,000, 200,000 ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ibi tí àlàyé ti ń há sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Iye póíǹtì yín kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Iye tí yàrá ń gbà ni. Ta ló ń dá iye yẹn lé yàrá? Ilé iṣẹ́ tó fún yín ní póíǹtì náà ni.

Nígbà kan, àwọn ilé iṣẹ́ yìí ní àtẹ tí gbogbo ayé lè rí. Òtẹ́ẹ̀lì yìí wà ní ìsọ̀rí báyìí, póíǹtì báyìí sì ni alẹ́ kan níbẹ̀. Èèyàn lè wo àtẹ náà kó mọ iye tó kù fún òun. Hilton mú tirẹ̀ kúrò ní 2017. Marriott náà mú tirẹ̀ kúrò ní 2022. Láti ìgbà náà, ńṣe ni iye póíǹtì ń lọ sókè sódò, bí èrò bá ṣe pọ̀ sí, bí owó yàrá bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹ wá ronú nípa ẹni tó ń dúró de ìparí ọdún ní Èkó. Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ọmọ wa tó wà ní London, Houston àti Toronto ń wálé, tí yàrá ń wọ́n, tí póíǹtì tí wọ́n ń béèrè sì ń ròkè tẹ̀lé e. Ó tọ́jú ẹ̀, ó tọ́jú ẹ̀, ọjọ́ tí yàrá wọ́n jù ló wá fẹ́ ná an.

Ẹ̀rí pé wọn kì í kéde rẹ̀ bí ìjọba ṣe máa ń kéde iye epo nígbà kan ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín pé póíǹtì yín ti dín agbára kù. Ẹ kàn máa ṣí áàpù ni, ẹ ó bá yàrá tí ẹ rò pé 40,000 ni ní 60,000.

Bẹ́ẹ̀ nínú òfin ètò Marriott, kedere ni wọ́n kọ ọ́ pé póíǹtì kì í ṣe dúkìá ẹni tó ni í, kò sì ní iye owó kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ẹ̀wẹ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn ni wọ́n ń ka àwọn póíǹtì táwọn èèyàn ò tíì ná sí nínú ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là sì ni. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa. Gbèsè ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń pinnu bó ṣe tó. Mi ò mọ onígbèsè míràn láyé yìí tó ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ síyẹn, póíǹtì ń kú. Lọ́dọ̀ Hilton àti Marriott, bí ẹ bá lo oṣù 24 láì gba ọ̀kan, láì ná ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á pòórá. IHG fún ẹni tí kò ní ipò ní oṣù 12. Accor náà, ọdún kan láì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wọn ti tó. Ti Accor ló súnmọ́ owó jù nínú gbogbo wọn, kí n má parọ́ mọ́ wọn: póíǹtì 2,000 ń yọ €40 kúrò nínú owó tí ẹ máa san, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn tó ń sùn sí Ibis ní Ìkẹjà tàbí Novotel ní Port Harcourt pé kí wọ́n máa ná tiwọn bó bá ṣe ń pé, kò sí ìdí tí wọ́n á fi dúró.

Ohun kan wà tí ìpolówó wọn kì í sọ, òun ló sì fa ìjà tó ń wáyé ní káńtà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé kọ́ ló máa ń ni ilé. Hilton ò ni Transcorp Hilton tó wà ní Abuja. Transcorp Hotels ló ni ín, Hilton ń bá wọn darí rẹ̀ ni. Bí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ṣe rí nìyẹn káàkiri ayé. Bí ẹ bá wá fi póíǹtì sùn, ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ló máa san nǹkan fún onílé, owó náà kì í sì í pọ̀ lọ títí, àfi bí òtẹ́ẹ̀lì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lálẹ́ ọjọ́ náà. Oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi dá ẹni Gold lọ́lá ńkọ́? Àpò onílé ló sábà máa ń wúwo lé. Ẹ ò wá rí ìdí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó sì ń sọ pé kò sí yàrá ńlá kankan tó ṣófo lónìí, bí ẹni Gold bá béèrè yàrá tó tóbi ju èyí tó gbà lọ. Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n òfin ètò náà fúnra rẹ̀ ní "bó bá wà" ni, kò ní "dandan", onílé ló sì mọ ohun tó wà.

Orúkọ sì lè kúrò lára ilé. Ilé gogoro tó wà ní òpópónà Kofo Abayomi ní Victoria Island, InterContinental, ọ̀kan lára orúkọ IHG, ni tẹ́lẹ̀. Lagos Continental ló ń jẹ́ báyìí, póíǹtì IHG ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Eko Hotel tí gbogbo wa mọ̀, Holiday Inn ni wọ́n fi ṣí i ní 1977, ó di Le Méridien lẹ́yìn náà, kó tó wá dá dúró lórúkọ ara rẹ̀. Le Méridien náà ni òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà ní Uyo nígbà kan. Ẹni tó ń kó póíǹtì jọ torí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn, kó má gbàgbé pé àdéhùn láàárín èèyàn méjì tí kì í ṣe òun ló so póíǹtì yẹn mọ́ ilé náà.

Ọ̀rọ̀ ipò náà ní ìdàrúdàpọ̀ tirẹ̀. Káàdì ìsanwó Platinum ti American Express ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ oníkáàdì di Gold lọ́dọ̀ Hilton àti Marriott láì sun alẹ́ kan, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa sì ti tipa bẹ́ẹ̀ di Gold. Gold Hilton ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi (ní Amẹ́ríkà, owó díẹ̀ fún oúnjẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 2021). Gold Marriott ò jẹ nǹkan kan. Ipò Platinum ti Marriott, tó ga ju Gold lọ, ni oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, alẹ́ 50 lọ́dún ni èèyàn sì máa ń sùn kó tó débẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo òtẹ́ẹ̀lì wọn ló ń fúnni. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó ń fi káàdì Gold gún tábìlì ní Sheraton Ìkẹjà (ọ̀kan lára orúkọ Marriott ni Sheraton), tó ń ní ṣé wọn ò mọ òun ni, wọ́n mọ̀ yín dáadáa, sà. Ẹ san owó oúnjẹ yín.

Àwọn wo ló wá ń jèrè rẹ̀ ní tòótọ́? Ẹni tí ilé iṣẹ́ ń rán kiri, tí ọ́fíìsì ń san owó yàrá, tí póíǹtì sì ń wọlé sórúkọ tirẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, torí kò fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ sí i. Àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ná an: lọ́dọ̀ Marriott, ẹni tó bá fi póíǹtì gba alẹ́ márùn-ún léra wọn, mẹ́rin ló máa san, Hilton náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti ní ipò, Silver lọ sókè. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ sùn, tó wá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì $200 nítorí póíǹtì nígbà tí èyí tó dára tó ẹ jẹ́ $120 wà ní òdìkejì títì, $80 ló fi ra póíǹtì 2,000. Mi ò rí èrè níbẹ̀.

Mo ní láti gba ohun kan fún àwọn tí mò ń bá wí. Ẹni tó tọ́jú póíǹtì ní Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí ẹnì kejì rẹ̀ sì tọ́jú náírà sí báńkì, ẹni póíǹtì ló ṣàǹfààní. Dọ́là kan tó jẹ́ bíi ₦460 nígbà náà ti fò sókè tó bíi ₦1,500 nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, póíǹtì ò sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù náírà nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yẹ póíǹtì. Nítorí náà mi ò lè ní kí ẹ má tọ́jú ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ń lọ, ó lè tọ́ kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ó tilẹ̀ sàn kẹ́ ẹ gba yàrá náà sílẹ̀ nísinsìnyí, torí yàrá tí wọ́n fi póíǹtì gbà sábà máa ń ṣeé fagi lé kí ọjọ́ tó pé, póíǹtì á sì padà. Bí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀, ẹ fagi lé e, kẹ́ ẹ tún gbà á.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ẹ ti ń gba yàrá pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbà á láti ìkànnì alágbàtà bíi Booking.com tàbí Expedia, póíǹtì ò ní wọlé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ sì lè dé káńtà kí wọ́n ní ipò yín ò kàn wọ́n lórí yàrá yẹn. Kì í ṣe ìwà ìkà, ó wà nínú òfin wọn.

Àwọn tó ń ta póíǹtì lórí WhatsApp ló wá ń dẹ́rù bà mí jù. Òfin gbogbo àwọn ètò yìí ló ka títa póíǹtì láàárín èèyàn méjì léèwọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè ti àkáǹtì pa, wọ́n sì lè fagi lé yàrá yín ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọlé, tẹ̀yin tẹrù yín. Póíǹtì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà yẹn sì lè jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jí tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2018 ni Marriott kéde pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ti wà nínú àkójọ orúkọ àwọn tó ń gba yàrá lọ́dọ̀ Starwood, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí Marriott rà, láti 2014, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún sì wà nínú ohun tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láìní ìdáàbòbò. Ẹ má lo páásìwọ́ọ̀dù ímeèlì yín fún àkáǹtì òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ fún òun ní páásìwọ́ọ̀dù kí òun lè bá yín sọ póíǹtì di owó tó máa wọ báńkì yín, kò sí bọ́tìnì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú áàpù Hilton, kò sì sí nínú ti Marriott.