Ta Ló Mú Àwọn Gíríìkì Dé Èbúté Íńdíà?

Hippalus, atukọ̀ ọmọ Gíríìkì kan láyé àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kan sáárá sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀nà òkun tí àwọn Gíríìkì gbà dé Íńdíà. Èmi ò bá wọn sí níbẹ̀. Ọmọ Íńdíà ló mú wọn lọ, a kàn ò mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Strabo, Gíríìkì tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé, ló ròyìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ Posidonius, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì tó ṣáájú rẹ̀, lòun náà ti rí i. Nígbà ayé Ọba Ptolemy Kẹjọ ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 118 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí Òkun Pupa gbé ọkùnrin kan wá sáàfin. Òun nìkan ni wọ́n bá nínú ọkọ̀, ẹ̀mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ọba ní kí wọ́n kọ́ ọ ní Gíríìkì. Ìgbà tó gbọ́ ọ tán ló ní Íńdíà lòun ti ń bọ̀, pé àwọn ṣìnà lójú òkun, ebi sì pa àwọn yòókù. Ó ní òun á mú wọn dé ìlú òun. Eudoxus, ọmọ Gíríìkì láti ìlú Cyzicus, wà lára àwọn tó lọ. Òórùn dídùn àti òkúta iyebíye ló kó bọ̀, ni ọba bá gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀.

Ta ni àlejò yìí? Lójú tèmi, kì í ṣe èrò ọkọ̀ lásán. Ta ló máa ṣèlérí pé òun á la agbami kọjá bí kò bá mọ ìgbà tí atẹ́gùn ń yí? Ó lè jẹ́ ọmọ Barygaza, èbúté kan ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìsàlẹ̀ gúúsù níbi tí ata ti ń hù. Ó ṣeé ṣe kí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti máa tukọ̀ lọ sí Arébíà tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n sì fi àṣírí atẹ́gùn lé ọmọ lọ́wọ́ bí ogún.

Nearchus, tó tukọ̀ fún Ọba Alexander Ńlá ní ọdún 325 kí wọ́n tó bí Jésù, etíkun ló ń rá mọ́. Hippalus ńkọ́? Ìwé atọ́nà oníṣòwò kan ní ọ̀rúndún kìíní ló yìn ín pé ó rí ọ̀nà tààrà lójú agbami. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí onílé ti mú gba ọ̀nà oko kò lè ní òun ló la igbó.

Bí ọ̀nà ti là, ọjà gbóná. Oṣù Keje ni wọ́n ń kúrò ní Íjíbítì, atẹ́gùn á gbé wọn lọ. Tó bá di ìparí ọdún, òmíràn á gbé wọn padà. Strabo ní ọkọ̀ 120 ń gbéra lọ́dún láti Myos Hormos, èbúté Íjíbítì létí Òkun Pupa, lọ sí Íńdíà. Ní Muziris, ní Kerala òde òní, ata dúdú ni wọ́n ń wá, ìbátan iyere tiwa. Ewì àtijọ́ kan ní èdè Tamil, èdè gúúsù Íńdíà, sọ pé ọkọ̀ àwọn Yavana ń gbé wúrà wá, ó sì ń gbé ata lọ. Yavana yìí, láti ara Ionia, ilẹ̀ àwọn Gíríìkì kan, ni wọ́n ń pe Gíríìkì.

Wheeler, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, hú Arikamedu ní etíkun ìlà-oòrùn Íńdíà ní 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hú Pattanam ní Kerala ní 2007, ìkòkò wáìnì ilẹ̀ Róòmù jáde níbi méjèèjì. Nínú ihò àpáta Karle, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àwọn tó pe ara wọn ní Yavana fi òpó ta ẹlẹ́sìn Búdà lọ́rẹ, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i. Àwọn kan ní wọn kì í ṣe Gíríìkì, torí orúkọ Íńdíà ni wọ́n ń jẹ́. Ṣé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní jẹ́ orúkọ ibẹ̀ ni?