Òkè pupa kan ní Wales: kí ló dé tí koríko ò hù níbẹ̀?

Ẹnì kan fi fọ́tò òkè kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, ni ìbéèrè bá ń rọ́ wọlé. Mynydd Parys ni wọ́n ń pe òkè náà, ó wà lẹ́bàá Amlwch, ní erékùṣù Anglesey tó wà ní àríwá Wales. Mo kó àwọn ìdáhùn mi jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò fi kọ̀ǹpútà kun fọ́tò yìí ṣá? Òkè pupa, tó tún ní àwọ̀ ọsàn àti àlùkò?

Rárá o, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti wa kùsà bàbà ni. Bàbà, irin àti imí ọjọ́ ló lú pọ̀ nínú òkúta ibẹ̀, ìgbà tí wọ́n wá hú u síta tí atẹ́gùn àti òjò ń bá a (òjò Wales kì í sì í sinmi), irin inú ẹ̀ ń dógùn-ún, imí ọjọ́ ń di ásíìdì, irin tó dógùn-ún yẹn ló ń mú gbogbo àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò wá, ásíìdì ni ò jẹ́ kí koríko gbádùn. Kódà odò tó ń ṣàn kúrò níbẹ̀, Afon Goch, pupa ni.

Katakata wo ni wọ́n fi gbẹ́ kòtò ràgàjì tó wà láàárín yẹn?

Katakata bawo? Ọwọ́, ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù ni. Àwọn ará àtijọ́ ti wa bàbà níbẹ̀ ní ohun tó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn, àmọ́ March 2, 1768 ni awakùsà kan tó ń jẹ́ Roland Puw kan ibi tó pọ̀ sí. Ìgò wisikí kan àti ilé tí ò ní san rẹ́ǹtì ẹ̀ títí tó fi máa kú ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ, àwọn ọ̀gá ẹ̀ sì ń ka owó ńlá. Àwọn obìnrin ló ń fọ́ òkúta náà, Copr Ladis ni wọ́n ń pè wọ́n: òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi irin dè níka lọ́wọ́ òsì, torí ọwọ́ òsì yẹn ló ń di òkúta mú tí wọ́n ń fi òòlù lù ú.

Ẹ ní bàbà ibẹ̀ kan àwa náà. Báwo?

Ibí gan-an ló ká mi lára. Lọ́yà kan, Thomas Williams, tó ń darí ìwakùsà náà, ló di ọba bàbà nígbà yẹn. Wọ́n ń fi bàbà ṣe páànù tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kí kòkòrò inú òkun má bàa jẹ igi ẹ̀, ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ń kàn án mọ́. Ilé iṣẹ́ wọn ní Greenfield, nítòsí Holywell, tún ń ṣe abọ́ àti ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń jẹ́ manilla, tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa láti fi ra èèyàn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣòfin lórí ọkọ̀ ẹrú ní 1788, Williams kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin pé àwọn ti kó £70,000 lé ọjà Áfíríkà yìí o! Ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ṣì ń ná manilla títí ìjọba fi gbà á kúrò nílẹ̀ ní 1948 sí 1949. Ẹni tó bá débẹ̀ tó kàn ya sẹ́lífì pẹ̀lú òkúta pupa tó bá tiẹ̀ lọ, kò tíì rí nǹkan kan lójú tèmi.

Ṣé àwọn ọmọdé lè lọ?

Wọ́n lè lọ. Ọ̀fẹ́ ni láti rìn lórí òkè náà, ọ̀nà wà tí wọ́n sàmì sí, ẹ má yà kúrò lórí ẹ̀ torí kòtò jíjìn wà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan omi. Ẹ kọ́kọ́ ya Copper Kingdom, ilé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìtàn bàbà náà fún àlejò, ní èbúté Amlwch, ṣùgbọ́n ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ṣí. Tó bá jẹ́ inú ilẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀, Great Orme, ibi ìwakùsà bàbà àtijọ́ míì ní Llandudno, ni kẹ́ ẹ lọ, àwọn ihò kan wà níbẹ̀ tó há débi pé ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́.