Orin gbòde, lébẹ́ẹ̀lì tú ká

Ẹni tó bá gbọ́ pé lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń náwó sórí olórin tó sì ń gbé orin ẹ̀ jáde, ti kógbá wọlé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé orin wọn ò dáa. Irọ́ ni o. Emi tí mò ń bá wọn ṣírò owó l'Abuja níbí, èyí tí orin ẹ̀ gbòde gan-an ló máa ń tètè tú ká lójú mi.

Owó kọngílá ló sábà máa ń bí wọn níbí. Ọ̀gá kan ríṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, ó fẹ́ràn orin, ó sọ bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀ ní Gwarinpa di stúdíò, ó mú ọmọ Kubwa kan, ó gbalé fún un, epo jẹnẹrétọ̀, fídíò, owó rédíò, gbogbo ẹ̀ lórí ọ̀gá. Ìwé àdéhùn ńkọ́? Ọ̀gá á ní, "Ṣebí àbúrò mi ni!"

Orin wá gbòde. Ká ní ọ̀gá ti ná mílíọ̀nù 8, streaming, ìyẹn owó tó ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mú mílíọ̀nù 2 wọlé, ìdajì-ìdajì ni wọ́n sì jọ fẹnu sọ. Olórin ń retí mílíọ̀nù 1, ọ̀gá ní àfi kóun yọ owó òun ná. Ó dáa, níbo ló ti máa yọ ọ́? Tó bá jẹ́ nínú gbogbo owó tó wọlé, gbèsè ku mílíọ̀nù 6. Tó bá jẹ́ nínú ìpín olórin nìkan, ó ku mílíọ̀nù 7, ọ̀gá á sì tún kó mílíọ̀nù 1 tiẹ̀ sápò. Ìlà kan péré nínú àgírímẹ́ǹtì ló ń parí ìjà yìí, wọn ò kọ ọ́.

Owó òde, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún olórin tó bá lọ kọrin lóde, wá burú jù, torí olórin ni wọ́n ń pè tààrà, ó gbowó ní Lagos, ọ̀gá ń wò ó lórí Instagram. Bí ìjọba bá wá yí padà, tí iṣẹ́ kọngílá dáwọ́ dúró, ó parí nìyẹn.

Lébẹ́ẹ̀lì Chocolate City náà, Abuja ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kí wọ́n tó gbéṣẹ́ lọ sí Lagos, ṣùgbọ́n lọ́yà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwé àdéhùn, ni Audu Maikori tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Òfin Copyright 2022 ti Nàìjíríà, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ bí orin, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì, àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ kí orin tó jáde: ta ló ni master (ojúlówó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní stúdíò), ọdún mélòó, owó òde ńkọ́, inú owó ta ni gbèsè ti máa jáde. Kí olórin sì mú lọ́yà tiẹ̀ wá o, èyí tí ọ̀gá ń sanwó fún, ti ọ̀gá ló máa gbè.