Ajá ń gbó sókè àjà, wọ́n ní iwin ló rí

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ní Kàbà, ní Ìjùmú, ní Yàgbà, gbogbo ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, bí ajá bá ti ń gbó lóru tí a ò rí nǹkan kan níwájú rẹ̀, wọ́n á ní iwin ló ń wò. Àwọn kan á tún ní kí o fi ipin ajá ra ojú, pé ìwọ náà á rí i.

Pé ajá ń mọ ohun tí a ò mọ̀, ta ló ń jiyàn? Ẹ bi ọdẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ojú nìkan ni gbogbo ènìyàn ń tẹnu mọ́. Lóòótọ́, ajá ríran lókùnkùn jù wá lọ, nítorí awọ kan wà nínú ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òun ló ń kọ mànà tí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣùgbọ́n ní ti àwọ̀, àwa la ríran jù ú lọ.

Etí ni kí á bi. Ohùn kò ju kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n lọ. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí wa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Bó bá ti kọjá 20,000, tiwa ti tán, ti àgbàlagbà ti tán ṣáájú ìyẹn. Ajá ń gbọ́ dé nǹkan bí 45,000. Ìyẹn ni pé nínú yàrá tí àwa sọ pé ó dákẹ́ rọ́rọ́, ariwo lè wà tó ń dún gooro létí ajá. Eku tí ẹ̀rù ń bà a máa ké ní nǹkan bí 22,000. Ọmọ eku tí kò rí ìyá rẹ̀ a máa ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní nǹkan bí 40,000.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, òru mẹ́ta gbáko ni ajá wa fi dúró sí ojú kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń kùn sókè àjà. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ti ń gbàdúrà kíkan. Nígbà tí káfíńtà ṣí pákó kan, àkísà tí eku ti gé wẹ́wẹ́ ló já bọ́, ọmọ eku pupa mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ojú wọn ò tíì là. A fi etí sí wọn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ajá ò jẹ́ kí a sinmi.

Mi ò lè búra pé eku ni gbogbo rẹ̀. Mi ò sì sọ pé ohun àìrí ò sí; gbígbó ajá nìkan ni mi ò gbà ní ẹ̀rí. Olè pàápàá kì í pariwo. Bí ajá bá kọjú sí fèrèsé tó ń gbó, ẹ tan iná wò ó kí ẹ tó pe orúkọ iwin.

Ní ti ipin yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ìdọ̀tí ara ajá ni, kòkòrò àrùn sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ra ojú, kó fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Bí ojú bá wá pọ́n tàbí tó ń ṣepin, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an.