Ẹ Má Tẹ Kòkòrò Rẹ́ Kí Ẹ Tó Béèrè Orúkọ Rẹ̀

Ó ti sú mi kí àwọn àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá àti àwọn ará ìgboro Abẹ́òkúta máa gbé kòkòrò tí wọ́n ti fi bàtà tẹ̀ rẹ́ wá bá mi nínú ọ̀rá, kí wọ́n sì ní kí n dárúkọ rẹ̀. Irú Carabidae nìkan, ìyẹn ìdílé àwọn kòkòrò ilẹ̀, tó wà láyé tó 40,000. Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ìdílé náà lórúkọ ní 1802, láti ara orúkọ Carabus tí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ti kọ sílẹ̀ ní 1758, orúkọ tó bá sì kọ́kọ́ jáde láti ọdún yẹn ni òfin àwa tó ń sọ kòkòrò lórúkọ sábà máa ń gbà.

Ẹ̀yìn dúdú tó ń dán kò sọ nǹkan kan fún mi. Abẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, ẹ ó rí i pé ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì nà sẹ́yìn débi pé ó pín ìpele àkọ́kọ́ ikùn níyà, ohun tí ẹ kò lè rí lára yímíyímí láéláé. Ìwo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní oríkèé 11. Bí irú méjì bá wá jọra bí ìbejì, à ń la ikùn akọ láti wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkópù, iṣẹ́ tí kò sí fọ́tò fóònù kankan tó lè bá wa ṣe. Àwọn Cicindela tó máa ń sáré kiri lórí yanrìn ti wà lábẹ́ Carabidae lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ní 2020 àwọn olùṣèwádìí fi àyẹ̀wò DNA gbè é lẹ́yìn pé kí wọ́n dá dúró ní ìdílé tiwọn, èmi náà sì fara mọ́ ọn.

Àwọn tó ń kiri oògùn ni wọ́n ń bí mi nínú jù, tí wọ́n ń sọ pé kòkòrò ilẹ̀ tí ọ̀tá rán wọlé lóru ló ń tọ̀ síni lára tí ara fi ń bó. Irọ́ ni! Paederus ni, ìdílé Staphylinidae ló sì ti wá: ó tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú àti àwọ̀ ọsàn ló pín ara rẹ̀, ìyẹ́ òkè rẹ̀ sì kúrú tí kò bo ikùn. Iná gílóòbù ló fà á wọlé. Kì í tọ̀, kì í ta. Oró inú rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, ilé roro rẹ̀ sì lè má hàn títí di ọjọ́ kejì. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọrùn ọmọ náà ti bó yánnayànna, nítorí pé ẹnìkan ti fi kẹrosíìnì po ewé lé e lórí. Egbò kẹrosíìnì yẹn burú ju ti kòkòrò lọ, ilé ìwòsàn ni mo sì ní kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Bí Paederus bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kí n wò, ẹ fi ìdérí gbá a sínú ìgò lódidi, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ abúlé, ọjọ́ tí ẹ mú un àti ohun tí ẹ ti bá kòkòrò náà lórí rẹ̀ síbi ìwé pélébé kan nínú ìgò náà.